Yíyan Láàrin Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Tí Ìtumọ̀ Wọn Fara Jọra Nínú Ìwé Sáyẹ́ǹsì

Bí a bá yẹ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá wò, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó gba ipò iwájú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń ké pe olùtumọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ké bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó ti ní ọ̀rọ̀ fún kí nǹkan yọ́, kí ó hó, kí ó gbẹ tàbí kí ó dì; nítorí náà, olùtumọ̀ a gba ibẹ̀ kọjá láìwo ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ sì ti sábà máa ń yọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta lè bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan ṣoṣo, kí gbólóhùn náà dùn létí, síbẹ̀ kí ohun tí ó sọ má jẹ́ òtítọ́ mọ́.

Ìwé atúmọ̀-èdè kò lè yanjú irú ọ̀ràn yìí fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igò, nínú ìkòkò tàbí nínú ara ènìyàn ni olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀: ohun mélòó ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó fa ìyípadà náà, ṣé ìyípadà náà sì lè yí padà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè irú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó fẹ́ lò lè wọ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ kò kà sí, òun sì ni ó ń fa àṣìṣe jù.

Yọ́ àti yòrò

Ẹ̀rí èyí hàn gbangba nínú "melt" àti "dissolve". Nínú "melt", ohun kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ooru ni ó mú un kúrò ní líle tí ó fi di ohun tí ń ṣàn. Bí ooru náà bá sì kúrò, yóò tún le padà. Òrí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ iná, ìda tí alágbẹ̀dẹ idẹ fi mọ ère kí ó tó fi amọ̀ bò ó, yìnyín tí a gbé kalẹ̀ lórí tábìlì: ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn. Ìwọ̀n ooru tí olúkúlùkù ń fẹ́ ni ó yàtọ̀. Yìnyín ń yọ́ ní 0°C, òjé ń yọ́ ní nǹkan bí 327°C, irin kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi lé ní 1,500°C. Nínú "dissolve" ẹ̀wẹ̀, ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan yóò wọ inú èkejì lọ, yóò sì fọ́n ká débi pé ojú kò ní rí i mọ́. Kò di dandan kí iná wà níbẹ̀ rárá. Omi 100 gíráàmù, ní ìwọ̀n ooru 25°C, lè gba iyọ̀ nǹkan bí 36 gíráàmù sínú kí èyí tí ó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí ìsàlẹ̀ ife. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ kí iyọ̀ kan náà yìí "melt", àfi kí ó wá ìléru tí ooru rẹ̀ tó 801°C.

Yorùbá kò ṣàìní ohun tí yóò fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òrí a máa yọ́, ìda a máa yọ́, òjé a máa yọ́. Iyọ̀ a máa yòrò, ṣúgà a máa yòrò, ọṣẹ tí a gbàgbé sínú omi a máa yòrò. Lóòótọ́, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àwọn kan máa ń fi ọ̀kan pe èkejì, pàápàá bí ó bá kan yìnyín. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń sọ nínú ilé pé ṣúgà "melt" nínú tíì, olùkọ́ kẹ́místírì wọn ni ó máa ń kọ̀ ọ́ fún wọn. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùtumọ̀ Yorùbá kò ju ohun tí olùkọ́ náà ń ṣe lọ: kí ó mú ọ̀rọ̀ méjì tí ó ti wà nílẹ̀, kí ó fi olúkúlùkù sí ààyè rẹ̀, kí ó má sì ṣe pààrọ̀ wọn mọ́ láti ojú ìwé kìíní dé èyí tí ó kẹ́yìn.

Kí ló wá dé tí "yọ́" fi ń gba ipò "yòrò" léraléra nínú ìwé tí a tú? Ìdí rẹ̀ wà nínú gírámà. "Yọ́" lè gba àbọ̀: alágbẹ̀dẹ yọ́ idẹ, idẹ sì yọ́. "Yòrò" kì í gba àbọ̀. Bí ènìyàn bá wí pé òun "yòrò iyọ̀", etí kò ní gbà á. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ni ó ń gba àbọ̀, ìwé sáyẹ́ǹsì sì kún fún gbólóhùn àṣẹ tí àbọ̀ máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ "dissolve" iyọ̀ gíráàmù márùn-ún, ọ̀rọ̀ tí ó lè gba àbọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ bá, yóò sì kọ ọ́ pé: "Yọ́ iyọ̀ gíráàmù márùn-ún sínú omi." Kò mọ̀ pé òun ti mú iná wọ inú iṣẹ́ tí iná kò sí.

Ibi tí èyí ti lè pa ènìyàn lára ni ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí láti 2002 jẹ́ èròjà 20.5 gíráàmù fún omi lítà kan. Iyọ̀ jẹ́ 2.6 gíráàmù nínú rẹ̀. Omi mímọ́ ni a fi ń pò ó. Bí a bá se omi náà kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tutù kí a tó da èròjà sí i, a kò sì gbọdọ̀ gbé e padà sórí iná lẹ́yìn tí a ti pò ó, nítorí pé omi yóò máa dínkù, iyọ̀ kò ní dínkù, ohun tí ó kù nínú ìkòkò yóò sì le ju ohun tí ara ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè gbà. Ìyá tí ó bá rí "yọ́ ọ sínú omi" lára àpò náà, tí ó sì mọ bí òun ti ń yọ́ òrí, kò ṣe àìgbọràn bí ó bá wá iná. Ohun tí ó kà ni ó ṣe. Ọ̀nà tí Yorùbá fi ń jáde nínú irú wàhálà yìí ni kí ó to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé ara wọn: "Da gbogbo èròjà inú àpò kan sínú omi mímọ́ tútù lítà kan, kí o sì máa fi ṣíbí pò ó títí yóò fi yòrò tán." Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn kan lè kà á sí àbùkù, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí sọ ohun tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò sọ, ìyẹn ni bí ènìyàn yóò ti ṣe é àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó súnmọ́ "yòrò" tí kò yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Bí a bá rún ẹfun sínú omi, omi náà yóò funfun, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi yóò tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Ẹfun kò yòrò. Ó kàn tú sínú omi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "tú" àti "yòrò" lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, tí olùkọ́ náà kò sì pààrọ̀ wọn, ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ nípa àpòpọ̀ lọ́wọ́ ná. Ní ti "thaw", "yọ́" tó fún un. "Fuse" ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé nínú ìwé kẹ́místírì àtijọ́, "yọ́" ni ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n nínú ìwé nípa ohun ẹlẹ́mìí, kí nǹkan méjì dà pọ̀ di ọ̀kan ni.

Ohun tí ó dì

Bí "yọ́" bá ń fa ìrújú, "dì" ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi dì nínú ẹ̀rọ amómitutù, epo pupa dì nígbà ọyẹ́, ẹ̀kọ dì nínú ewé, wàrà dì nínú ìkòkò àwọn obìnrin Fúlàní, ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yóò lo "freeze" fún ti omi, "congeal" tàbí "solidify" fún ti epo, "set" fún ti ẹ̀kọ, "curdle" fún ti wàrà, àti "clot" fún ti ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lè sọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn, pé ohun tí ń ṣàn ti le. Ojú ni ó rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé wọn padà sórí iná, ìyàtọ̀ wọn yóò fara hàn lójú ẹsẹ̀. Omi àti epo yóò yọ́, wọn yóò sì padà sí bí wọ́n ti wà. Ẹ̀kọ lè rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní padà di ògì tútù láéláé, nítorí pé ooru ti kọ́kọ́ wú àwọn hóró inú ògì náà kí ó tó di pé ó tutù tí ó sì dì. Wàrà tí omi ewé bọmubọmu ti mú dì kò ní padà di mílíìkì. Ti ẹ̀jẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá: purotéènì kan tí ó ti yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó yí padà di okùn tín-ín-rín, tí àwọn okùn náà sì hun ara wọn bí àwọ̀n, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sì há sínú wọn. Òtútù kò lọ́wọ́ sí i.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ "dì" nù. Ẹ̀jẹ̀ dídì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ìwà òmùgọ̀ ni yóò sì jẹ́ láti ṣẹ̀dá òmíràn. Ohun tí ó yẹ ni kí a so ohun tí ó fa dídì náà mọ́ ọn nígbà tí ìwé bá kọ́kọ́ mẹ́nu bà á: dídì nítorí òtútù, dídì ẹ̀jẹ̀, dídì wàrà. Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ kọ "dì" sílẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ irú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí Karl Landsteiner ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1901 ni a ti mọ̀ pé bí a bá da ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan pọ̀ mọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí irú wọn kò bára mu, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa yóò dì mọ́ ara wọn ní ṣùù-ṣùù. "Agglutinate" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí, kì í ṣe "clot". Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí àwọ̀n. Àwọn èròjà tí ara fi ń gbógun ti ohun àjèjì ni ó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà "dì" yóò rò pé ohun kan náà tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọgbẹ́ ni, kò sì ní rí ìdí tí a fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí a bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. "Lẹ̀ mọ́ra" ni ó bá a mu jù.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá mú ọ̀ràn yìí le sí i. Oríṣi oògùn méjì ni ó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tí ojú ènìyàn lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń tú èyí tí ó ti dì ká. Dókítà ni ó máa ń fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ní pàjáwìrì. Èkejì, bíi warfarin, kì í tú ohunkóhun ká. Kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámì K lò bí ó ti yẹ láti fi pèsè àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń dènà èyí tí ì bá tún dì lọ́la. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, sọ pé irú oògùn yìí máa ń "thin" ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé a bu omi sí ọbẹ̀ tí ó ki. Ohun tí wọ́n wí yìí kì í ṣe òtítọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kàn ń pẹ́ kí ó tó dì ni. Bí olùtumọ̀ bá tẹ̀lé wọn, tí ó kọ ọ́ pé oògùn náà "ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi", aláìsàn Yorùbá yóò rántí àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa oògùn náà tì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà "ṣàn jù". Ẹni tí ó pa á tì bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. "Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì" péye, ó sì tún ṣí ojú aláìsàn sí ewu kejì, pé bí ó bá fi abẹ gé ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó dá.

Ní ti "boil", "evaporate" àti "dry", ọ̀rọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Hó" ni "boil" bí omi bá jẹ́ olùwà, "sè" sì ni bí ènìyàn bá jẹ́ olùwà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ náà a máa hó, ẹmu tí ó ń kan a sì máa hó láìsí iná, nítorí náà ó yẹ kí ìwé sọ pé ooru ni ó mú omi hó. Híhó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀, ìyẹn 100°C fún omi ní etí òkun, jákèjádò inú omi náà ni ó sì ti ń ṣẹlẹ̀. "Evaporate" kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ojú omi nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, àní nínú òjìji. Èyí tí ó ṣòro ni pé "gbẹ" ń sọ nípa ohun tí ó kù sílẹ̀, "evaporate" sì ń sọ nípa ohun tí ó lọ. Aṣọ ni ó gbẹ. Omi inú rẹ̀ ni ó "evaporate". "Fà" súnmọ́ ọn ju "gbẹ" lọ, nítorí pé omi kòtò a máa fà, ṣùgbọ́n "fà" kò sọ bóyá ilẹ̀ ni ó mu omi náà tàbí afẹ́fẹ́ ni ó gbé e lọ. Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí ìrìn omi láti ilẹ̀ dé ojú ọ̀run, "di ooru lọ sínú afẹ́fẹ́" ni kí a kọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìbéèrè ìdánwò

Ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yóò dé iwájú ìdánwò tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, irú èyí tí Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀ ní 1952. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ni ó ń sọ irú ìdáhùn tí a fẹ́, máàkì sì wà lórí rẹ̀. "State" fẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí, kò béèrè ìdí. "List" fẹ́ kí a to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. "Define" ni àwọn kan ń pè ní "fún un ní oríkì". Ọ̀rọ̀ náà dára, bí olùkọ́ bá lè mú kí ọmọ gbàgbé oríkì ìdílé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Describe" àti "explain" ni ó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ jù. Nínú kíláàsì, "ṣàlàyé" ni olùkọ́ Yorùbá sábà máa ń lò fún méjèèjì. Bí a bá gbé ìkòkò omi tí ń hó wá síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí a ṣí ìdérí rẹ̀, tí a sì ní kí ó "describe" ohun tí ó rí, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀kán omi wà ní abẹ́ ìdérí, pé wọ́n ń kán sílẹ̀, pé èyí tí ó wà láàrin tóbi ju èyí tí ó wà létí lọ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ìdí kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí ó "explain" rẹ̀, ẹ̀kán omi nìkan kò tó mọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ooru omi gòkè, ó kan ìdérí tí ó tutù jù ú lọ, ó pàdánù ooru rẹ̀, ó sì padà di omi. "Ṣàpèjúwe" bá èkínní mu, nítorí pé "júwe" tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fi ọ̀nà han àlejò: ohun tí ojú rí ni à ń júwe. Kí a fi "ṣàlàyé" sílẹ̀ fún èkejì nìkan, kí a tilẹ̀ kọ ọ́ pé "ṣàlàyé ìdí tí" nígbà gbogbo títí yóò fi mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lára. "Account for" kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ṣàlàyé ìdí" náà ni.

"Distinguish" ni ó kù. "Ṣe ìyàtọ̀" tí ọ̀pọ̀ ń lò fún un kò wọlé dáadáa, nítorí pé Yorùbá máa ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tí ó ń ṣe ojúsàájú láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. "Fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin híhó àti dídi ooru hàn" sàn jù ú lọ. Kí olùkọ́ sì kọ́ ọmọ pé ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí kì í ní ẹsẹ̀ kan: bí ó bá ti sọ pé omi ń hó ní 100°C, gbólóhùn náà kò tíì parí àfi bí ó bá fi kún un pé omi tí ń di ooru lọ kò dúró de ìwọ̀n ooru kankan.